Mo ti kọ ọ́ sí blacklist, kí ló dé tó ṣì ń wọlé?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ yìí rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Damico ni mò ń gbé n’Ífẹ̀ níbí. Mo ra HP Pavilion tòkunbọ̀ kan, mo wá fi Ubuntu, irú Linux kan, sí i. Wáìfáì rẹ̀ kì í gbé àfi tí mo bá gbé e ti ráútà gan-an, bẹ́ẹ̀ fóònù mi ń gbé e dáadáa látorí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan ní kí n tẹ sudo modprobe -r rtl8723be, kí n wá tẹ sudo modprobe rtl8723be ant_sel=2. Mo ṣe é, wáìfáì kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti pa á tí mo tún tàn án, ó ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo kọ rtl8723be ant_sel=2 sínú fáìlì wifi.txt ní /etc/modprobe.d, kò gbọ́. Mo tún kọ ọ́ sí /etc/modules-load.d, kò gbọ́. Látọ́ọ̀pù yìí tún máa ń gan lójijì, wọ́n ní nouveau tó ń darí káàdì àwòrán NVIDIA ló ń fà á, mo kọ blacklist nouveau, mo rísítáàtì, mo tẹ lsmod kí n wo àwọn tó ti wọlé, nouveau ṣì jókòó síbẹ̀. Ṣé Ubuntu yìí ò gbọ́ràn ni, àbí kí n kúkú padà sí Windows?”

Àbúrò, sinmi ná, má tíì padà síbì kankan. Ubuntu rẹ gbọ́ràn, kódà ó gbọ́ràn jù, ohun tí wọ́n kọ fún un gẹ́lẹ́ ló ń ṣe. Ìwọ rò pé ìṣòro kan lo ní, pé ẹ̀rọ ń ṣagídí, bẹ́ẹ̀ méjì ni, wọn ò sì bá ara wọn tan rárá. Ti wáìfáì, ọ̀rọ̀ tó dáa lo sọ, àmọ́ ibi tí ẹni tó máa kà á ò ní dé lo kọ ọ́ sí. Ti nouveau, ibi tó yẹ lo kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ti ṣílẹ̀kùn fún un kí ìwé rẹ tó délẹ̀. Jẹ́ n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ máa gùn díẹ̀ o, torí tí mo bá kàn fún ẹ ní kọ́máàndì méjì kó o lọ tẹ̀ ẹ́, lọ́la wàá tún padà wá pẹ̀lú òmíì.

Kernel ni olórí iṣẹ́ inú Linux, òun ló ń bá irin sọ̀rọ̀, irin ni mo ń pe wáìfáì, síkíríìnì, kíbọ́ọ̀dù àti gbogbo ohun tọ́wọ́ lè kàn. Kò lè gbé ìmọ̀ nípa gbogbo irin ayé sórí lẹ́ẹ̀kan náà, orí ẹ̀ á wúwo jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé ìmọ̀ yẹn sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó o sí /lib/modules, èyí tí iṣẹ́ bá kàn ni wọ́n á pè. Wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ni module. Tó o bá wo inú fódà yẹn, fódà kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀ fún kernel kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ni ohun tí uname -r máa ń sọ. Fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i.

Ta ló wá ń pe module? Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, irin kì í pe module lórúkọ, oríkì ló ń kì. Káàdì wáìfáì tìẹ yẹn, oríkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: pci:v000010ECd0000B723, 10EC ni ilé Realtek, B723 ni ọmọ inú ilé náà. Udev, ẹni tó ń ṣọ́ irin tó bá ń yọjú, á gbọ́ oríkì yẹn, á lọ wo ìwé kan tó ń jẹ́ modules.alias, á rí i pé ẹni tó ń dáhùn sí i ni rtl8723be, á wá ní kó wọlé. Kó tó wọlé, wọ́n tún máa wo ìwé kejì, modules.dep, kí wọ́n lè mọ àwọn tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀; rtl8723be ò lè dá rìn, rtlwifi, rtl_pci, rtl8723_common àti btcoexist ń bẹ níwájú ẹ̀, àwọn yẹn náà ní mac80211 àti cfg80211 tí wọ́n gbára lé. Depmod ló ń kọ ìwé méjèèjì, ó sì máa ń tún un kọ tí kernel tuntun bá wọlé. Tó o bá fẹ́ fojú ara ẹ rí i, tẹ modprobe --show-depends rtl8723be, wàá rí gbogbo wọn tí wọ́n tò tẹ̀ léra bí ẹbí ìyàwó tó ń bọ̀ wá sí ìdána. Má sì jẹ́ kí orúkọ kó ẹ láyà jẹ, insmod, rmmod, lsmod, modinfo, modprobe, depmod, lórí Ubuntu ẹnì kan ṣoṣo tó ń pààrọ̀ aṣọ ni gbogbo wọn, kmod lorúkọ ẹ̀.

Ó yá, wáìfáì. Káàdì RTL8723BE ní ojú méjì tí wọ́n lè so wáyà antẹ́nà mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ HP tó gbé e, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n so wáyà mọ́, driver orí Linux, ìyẹn module tó ń darí káàdì, á wá máa gbọ́ láti ojú kejì tí kò sí nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀. Bí ẹni ń fi etí tó di gbọ́ rédíò ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé tó o bá gbé e ti ráútà, ariwo ráútà pọ̀ débi pé etí dídi náà gbọ́ díẹ̀. Tẹ modinfo -p rtl8723be, wàá rí ant_sel níbẹ̀, 0 ni wọ́n fi sí tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé kí káàdì fúnra ẹ̀ sọ ibi tí wáyà wà, 1 tàbí 2 ni pé ìwọ lo sọ fún un. Èyí tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ráútà, mo tẹ iw dev wlo1 link, ó ń kọ -83 dBm fún mi, mo fi ant_sel=1, kò mì, mo fi 2 ó fò sí -49. Bó bá ṣe ń sún mọ́ òdo ló ṣe ń dáa sí i, tó bá ti wọ ìdí -80 báyìí, gbọ́nrangbọ́nran ni íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ á máa rìn. Ẹni tó kọ́ ẹ níyẹn ò purọ́ fún ẹ.

Ohun tí kò sọ fún ẹ ni pé ohun tó o tẹ ní terminal, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Orí RAM ló wà, tí iná bá ti kúrò lára ẹ̀rọ ó ti bá iná lọ. Tó o bá fẹ́ kó máa rántí, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ìwé ọ̀hún sì ní òfin tiẹ̀. Òfin àkọ́kọ́, fáìlì tí orúkọ ẹ̀ ò bá parí pẹ̀lú .conf nínú /etc/modprobe.d, wọn ò ní ṣí i rárá, wọn ò sì ní bá ẹ jà, wọ́n á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá ni. wifi.txt tìẹ yẹn, látọjọ́ tó o ti kọ ọ́, kò sẹ́ni tó kà á. Òfin kejì, ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń sọ irú àṣẹ tó jẹ́, options, blacklist, alias, install, softdep àti irú wọn. Tìẹ kàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ module lásán, ká tiẹ̀ ní fáìlì rẹ parí pẹ̀lú .conf, wọ́n á ní ìlà burúkú lèyí, wọ́n á fò ó. Bó ṣe yẹ kó o ṣe é ni kó o tẹ èyí: echo "options rtl8723be ant_sel=2" | sudo tee /etc/modprobe.d/rtl8723be.conf. Ó lè máa yà ọ́ lẹ́nu pé kí ló dé tí mi ò lo sudo echo pẹ̀lú àmì >, ohun tó fà á ni pé sudo ò dé ọ̀dọ̀ àmì yẹn, terminal tìẹ tí kò ní àṣẹ ló ń gbìyànjú láti kọ fáìlì, wọ́n á ní Permission denied, wàá sì rò pé páàsìwọ́ọ̀dù lo tẹ̀ sódì. Lẹ́yìn náà, pa wifi.txt yẹn rẹ́ kó má bàa dàrú mọ́ ẹ lójú lọ́jọ́ mìíràn.

Ti /etc/modules-load.d, iṣẹ́ mìíì nìyẹn pátápátá. Orúkọ nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ìlà kan orúkọ kan, kò sáyè fún ant_sel tàbí ohunkóhun lẹ́yìn ẹ̀. Ìlà tìẹ yẹn, systemd-modules-load tó ń ka fódà yẹn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí ka gbogbo ẹ̀ pọ̀ bí orúkọ kan ṣoṣo, ó wá module tó ń jẹ́ “rtl8723be ant_sel=2” tì, wàá rí Failed to find module tó o bá tẹ systemctl status systemd-modules-load. Yọ ọ́ kúrò. Kò tiẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀ rárá torí káàdì ẹ ń ki oríkì fúnra ẹ̀ láràárọ̀, kò nílò alágbàwí. Àwọn module tí kò sí irin kankan tó ń kì wọ́n ni wọ́n kọ fódà yẹn fún, bíi i2c-dev, tàbí snd-aloop, tàbí br_netfilter fáwọn tó ń ṣeré kọ̀ǹténà. Mo máa ń rí àwọn ọmọ tó kó orúkọ ogún module síbẹ̀ torí pé wọ́n rí i níbì kan, tí ẹ̀rọ á wá máa kùn ní gbogbo ìgbà tó bá ń jí.

Má sì rísítáàtì kó o wá jókòó máa retí. Tẹ sudo modprobe -r rtl8723be, kó o tẹ sudo modprobe rtl8723be láìfi nǹkan kan sí i lẹ́yìn, wáìfáì á kú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á tún padà fúnra ẹ̀, kó o wá tẹ cat /sys/module/rtl8723be/parameters/ant_sel. Tó bá kọ 2, ìwé ti di kíkà. Tó bá kọ 0, wọn ò kà á, lọ wo orúkọ fáìlì rẹ dáadáa. O ò lè kọ 2 sínú fáìlì /sys yẹn ní tààrà o, kíkà nìkan ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, module gbọ́dọ̀ jáde kó tún wọlé kó tó gbọ́. Tó bá sì jẹ́ pé o ṣi ant_sel kọ, bí ẹni kọ antsel, module ò ní kọ̀ láti wọlé, ó kàn máa kọ unknown parameter 'antsel' ignored sínú dmesg, ìwé tí kernel ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ni, á máa bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wákàtí lèyí ti jẹ lọ́wọ́ mi rí, ojú mi ń wo fáìlì, fáìlì dáa, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sọnù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ blacklist, òun gan-an ló dùn mọ́ mi nínú ìbéèrè yìí. Gbogbo èèyàn ló rò pé blacklist ni pé kí wọ́n lé module jáde nílùú. Rárá o. Ohun tó túmọ̀ sí ò ju èyí lọ: tí irin bá ki module yìí lóríkì, kó má dáhùn. Ó tán. Kò sọ pé tí wọ́n bá pè é lórúkọ kó má wá, kò sì sọ pé tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá fà á lọ́wọ́ kó má tẹ̀ lé e. Mo kọ́ èyí lọ́nà tó le. Ilé kọ̀m̀pútà kan tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò bẹ̀ mí níṣẹ́ pé kí n dí ojú fíláàṣì, pé àwọn ọmọ ń ki ìdáhùn wọlé. Mo kọ blacklist usb_storage sórí gbogbo ẹ̀rọ, mo gbowó mi, mo ti ń kó báàgì. Ọ̀gá ibẹ̀ fa fíláàṣì tiẹ̀ yọ lápò pé kí òun dán an wò, ó kì í bọ̀ ọ́, fódà ṣí gbàgà níwájú gbogbo wa. Mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí. Ìgbà tí mo délé ni mo tó wo modules.alias dáadáa, mo rí i pé module mìíì wà tó ń jẹ́ uas, tó ń dáhùn sí oríkì kan náà tí fíláàṣì ń kì. Èmi dí usb_storage, uas ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, ó dáhùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, uas ò lè dá rìn, usb_storage ló gbára lé, ló bá fà á lọ́wọ́ wọlé.

Ohun tó ń dí module nítòótọ́ nínú /etc/modprobe.d ni install, orúkọ ẹ̀ ò bá iṣẹ́ ẹ̀ mu rárá, mo mọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé tí ẹnikẹ́ni bá ní kí module yìí wá, dípò kẹ́ ẹ pè é, kọ́máàndì tí mo kọ yìí ni kẹ́ ẹ ṣe. Tó o bá kọ install usb_storage /bin/false, ẹni tó bá fẹ́ mú un wọlé á gba “kò ṣeé ṣe” lọ, uas náà ò ní rí ẹni fà lọ́wọ́. Wàá rí i tí àwọn kan ń lo /bin/true, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, irọ́ lòun ń pa, ó ń sọ pé module ti dé nígbà tí kò dé, ìgbà tó o bá ń wá àṣìṣe lọ́jọ́ iwájú wàá fi gún ara ẹ lójú. Síbẹ̀ kí n sọ òtítọ́, install náà kì í ṣe ògiri. Ẹni tó bá ní sudo lè fi insmod gbé fáìlì module wọlé ní tààrà, kò ní ka ìwé ẹnikẹ́ni. Àwọn module kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti yan mọ́ kernel lára bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, orúkọ wọn wà nínú modules.builtin, kò sí ohun tó o kọ sí modprobe.d tó máa ràn wọ́n.

Nouveau tìẹ wá ńkọ́? Níbẹ̀, kì í ṣe pé blacklist ò lágbára tó, pé ó pẹ́ dé ni. Kí dísìkì rẹ tó ṣí, kernel máa ń gbé àpò kékeré kan dání, initramfs lorúkọ ẹ̀, inú /boot ló ń gbé, initrd.img ni wọ́n kọ sí i lára. Àwọn module tí wọ́n rò pé ẹ̀rọ máa tètè nílò wà nínú àpò yẹn, títí kan ti síkíríìnì, fọ́tókọ́pì /etc/modprobe.d náà sì wà níbẹ̀. Fọ́tókọ́pì ni mo sọ o. Ìwọ jókòó, ò ń tún orijínà kọ, fọ́tókọ́pì ọjọ́un ló wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ nouveau ò sì sí lórí tiẹ̀, ó ní kó máa bọ̀. Ìgbà tí orijínà rẹ fi máa dé, nouveau ti jókòó sórí síkíríìnì bí òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó wá gbowó aṣọ, tó o bá ní kó dìde nípa modprobe -r, ohun tó máa sọ fún ẹ ni Module nouveau is in use. Tẹ sudo update-initramfs -u, wọ́n á ṣe fọ́tókọ́pì tuntun, kó o wá rísítáàtì. Tó o bá fẹ́ rí i dájú, lsinitramfs /boot/initrd.img-$(uname -r) | grep modprobe.d á fi orúkọ fáìlì rẹ hàn ẹ́ nínú àpò. Ẹni tó ń lo Fedora, dracut -f ni tiẹ̀, ti Arch ni mkinitcpio -P. Wáìfáì tìẹ ò nílò gbogbo èyí torí kì í sábà wà nínú àpò yẹn, ṣùgbọ́n tó o bá ṣe é kò pa nǹkan kan lára.

Àmọ́ dúró ná, ta ló sọ pé nouveau ló ń fa gígan? Wọ́n ní, wọ́n ní. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ lè gan torí eruku tó dí fáànù, torí RAM, torí dísìkì tó ń kú lọ, mo ti ṣí èyí tí eruku ọyẹ́ kún inú ẹ̀ bí ilẹ̀ Sábó. Ọjọ́ tó bá tún gan, tàn án padà kó o tẹ journalctl -k -b -1, ìyẹn ohun tí kernel sọ kó tó kú lẹ́yìn, kó o lọ sí ìparí ẹ̀. Tó o bá rí nouveau tó ń ké tẹ̀ léra, ó jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ ata tàbí nvme, ìyẹn ti dísìkì, tàbí ìgbóná ló ń ké, o fẹ́ fìyà jẹ aláìṣẹ̀ nìyẹn. Ohun kejì tó o lè ṣe kó o tó kọ ohunkóhun ni kó o dán an wò lẹ́ẹ̀kan: nígbà tí GRUB, ojú tó máa ń yọ kí Ubuntu tó bẹ̀rẹ̀, bá yọ, tẹ lẹ́tà e lórí kíbọ́ọ̀dù, wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, lọ sí ìparí ẹ̀, fi modprobe.blacklist=nouveau sí i, kó o tẹ Ctrl+X. Ti ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ni, tí síkíríìnì bá ṣókùnkùn, pa á, tàn án padà, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ́ tún wà, module_blacklist=, láìsí àmì ìdánudúró láàárín, kernel fúnra ẹ̀ ló ń ka ìyẹn, òun ló le jù, insmod pàápàá ò lè kọjá lára ẹ̀.

Ká ní nouveau ló jẹ̀bi lóòótọ́, ọ̀nà méjì ló wà, kò sì sí èyí tí kò ní tiẹ̀ lẹ́yìn. O lè dí i pa kó o máa lo ti Intel nìkan. Kọ́kọ́ tẹ lspci -k kó o rí i pé i915, module ti Intel, ló ń gbé káàdì kan níbẹ̀, torí tó bá jẹ́ NVIDIA nìkan ló wà lórí ẹ̀rọ, síkíríìnì burúkú ni wàá máa wò. Ohun tí wàá san níbi ọ̀nà yìí ni bátìrì: nouveau ló máa ń sọ fún NVIDIA pé kó sùn tí kò bá níṣẹ́, tó o bá lé e lọ, irin yẹn lè má sùn mọ́, á máa jẹ iná, á máa gbóná sí ẹ lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà kejì ni driver tí NVIDIA fúnra wọn ṣe, ubuntu-drivers devices á sọ èyí tó bá káàdì rẹ mu, sudo ubuntu-drivers install á gbé e wọlé, á sì bá ẹ kọ blacklist nouveau fúnra ẹ̀. Tí káàdì bá ti dàgbà, àtijọ́ ni driver tó bá a mu máa jẹ́, àtijọ́ sì máa ń bá kernel tuntun jà. Tí Secure Boot bá tún wà lórí ẹ̀rọ, module tí kò ní òǹtẹ̀ tí ẹ̀rọ mọ̀ ò ní wọlé, ohun tí wàá rí ni Key was rejected by service. Nígbà tó o bá ń gbé driver sí i wọ́n á ní kó o yan páàsìwọ́ọ̀dù kan, tó o bá rísítáàtì ojú búlúù kan á yọ, má sáré kọjá lójú búlúù yẹn o, ibẹ̀ ni wàá ti yan Enroll MOK. Ìwọ tó jẹ́ pé àsáínmẹ́ǹtì àti kóòdù lò ń fi ṣe, tí kì í ṣe géèmù, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni màá kọ́kọ́ gbà tó bá jẹ́ tèmi, kí n wá máa wo bátìrì fún ọ̀sẹ̀ kan.

O ò bi mí ṣùgbọ́n wàá bi mí lọ́la: tí kernel bá yí padà, ṣé gbogbo èyí á bàjẹ́? Fáìlì rẹ inú /etc/modprobe.d ò ní kúrò, kì í ṣe ti kernel kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni rtl8723be ń bá kernel fúnra ẹ̀ wá. Ohun tó máa ń bàjẹ́ ni module tẹ́nì kan fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́. Mo sọ pé kó o rántí fódà kọ̀ọ̀kan fún kernel kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti ń jáde sí rèé. Mo ra wáìfáì USB kan nígbà kan, driver ẹ̀ ò sí nínú kernel, mo wa kóòdù ẹ̀ wálẹ̀, mo tẹ make, mo tẹ make install, ó ṣiṣẹ́, mo rò pé mo ti di ọ̀gá. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì apt gbé kernel tuntun wọlé, mo rísítáàtì, Module not found in directory /lib/modules, fódà àtijọ́ ni module mi wà, kò sẹ́ni tó bá mi gbé e lọ sí tuntun. Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ ni o, okùn fóònù ni mo fi gbà á là, mo kì í bọ USB, mo tan tethering, rndis_host dáhùn oríkì fúnra ẹ̀ láìsí pé mo tẹ nǹkan kan. DKMS ni wọ́n ṣe fún irú èyí, á máa bá ẹ tún module kọ́ fún kernel tuntun kọ̀ọ̀kan, tí linux-headers bá ṣáà ti wà. Tìẹ ò nílò ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè kìlọ̀ fún ẹ ni pé kóòdù ant_sel inú kernel, wọ́n ti tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, 2018 wà lára ìgbà tí wọ́n tún un ṣe, torí náà tí kernel tuntun bá dé tí wáìfáì tún rẹlẹ̀, yí 2 sí 1 kó o wò ó kó o tó pariwo.

Ibi tí ant_sel ò lè dé náà wà. Tí wáyà antẹ́nà ti já nínú ẹ̀rọ, bóyá ẹni tó tún ìdè ojú síkíríìnì ṣe ló fà á já, nọ́ńbà kankan ò ní tún un so. Káàdì yìí ò sì mọ 5GHz, 2.4 nìkan ló ń gbọ́, orí 2.4 yẹn ni gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì Damico ti ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà láti aago mẹ́jọ alẹ́. Tó bá ń yá ní òru tó ń falẹ̀ nírọ̀lẹ́, kì í ṣe module mọ́, ọjà ló kún. USB tó mọ 5GHz ló máa gbà ẹ́, kó o tó rà á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá driver ẹ̀ wà nínú kernel, tó bá ní CD ló wà nínú páálí, gbé e sílẹ̀ fún un.

Ṣe ti wáìfáì lónìí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni, fi ti nouveau sílẹ̀ dìgbà tó o bá ti ka journalctl. Tó bá kọ̀, fi ohun tí lspci -nnk àti modprobe -c | grep ant_sel sọ ránṣẹ́ sí mi. Má fi fóònù ya síkíríìnì o, jọ̀ọ́, ojú mi ò gbà á mọ́, kọ́pì ọ̀rọ̀ inú ẹ̀.